Ẹrù, Àyè àti Ìdánilójú: Èdè-Ìperí Yorùbá fún Ìpèsè Iná fún Àwọn Òǹlò Ńlá

1. Ìfáárà

Bí iná mànàmáná bá dé sí àdúgbò kan lẹ́yìn òkùnkùn ọjọ́ mélòó kan, igbe kan náà ni tọmọdé tàgbà máa ń ké: 'Wọ́n ti múná dé!' Gbólóhùn yìí tó fún ilé gbígbé. Ẹni tí ó fẹ́ tan gílóòbù mẹ́rin, tí ó sì fẹ́ kí fáànù fẹ́ sí òun lára, kò ní ohun mìíràn láti béèrè ju pé iná wà tàbí kò sí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ilé iṣẹ́ irin, ilé ìwòsàn ńlá tàbí ibùdó tí ń fa omi ẹ̀rọ fún odindi ìlú kò lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà níwájú wọn. Ìwọ̀n iná wo ni wọ́n lè fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Mélòó ni wọn yóò lò kí oṣù tó parí? Báwo ni yóò ṣe dá wọn lójú pé iná kò ní lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ náà 'iná' gbòòrò púpọ̀. Òun ni a fi ń pe ohun tí ń jó nínú ààrò, òun ni a fi ń pe ìmọ́lẹ̀ fìtílà, òun náà ni a sì fi ń pe ohun tí ń gba inú wáyà kọjá. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ èdè bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtó díẹ̀, 'agbára iná' ni wọ́n sábà máa ń lò. Ṣùgbọ́n 'agbára iná' kan náà yìí ni wọ́n tún ń lò fún gbogbo ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ lókè. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti ya wọ́n sọ́tọ̀, àti pé níbi tí a kò bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀, àdéhùn a máa dàrú, owó a sì máa ṣòfò.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Òfin Iná Mànàmáná tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi lélẹ̀ ní ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti máa ṣe àkóso ọjà iná láàárín ààlà tiwọn. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi àṣẹ yìí lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì wà lára wọn. Nítorí náà, ìjíròrò tí ó jẹ́ ti Àbújá nìkan tẹ́lẹ̀ ti di ti ilẹ̀ Yorùbá. Yóò di dandan kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún àwọn ará ìlú tí òpó iná yóò gba orí ilẹ̀ wọn kọjá.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ó yẹ kí a rántí. Ọdún 1972 ni wọ́n dá àjọ NEPA sílẹ̀. Ní ọdún 2005, wọ́n yí orúkọ náà padà. Ní ọdún 2013, wọ́n fi iṣẹ́ pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, 'NEPA' ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ṣì ń pe ẹnikẹ́ni tí ó bá mú iná lọ. Orúkọ tí ó bá ti fìdí múlẹ̀ lẹ́nu aráyé kì í gbọ́ ti òfin mọ́. Ó yẹ, nígbà náà, kí a yan ọ̀rọ̀ tí ó dára kí èyí tí kò dára tó ta gbòǹgbò.

2. Ẹrù àti yúníìtì

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni èyí tí ó wà láàárín ohun tí òǹlò ń fà lẹ́ẹ̀kan náà àti ohun tí ó ti lò láàárín àkókò kan. Ẹ wo ẹni tí ń pọn omi láti ẹnu ẹ̀rọ sínú àgbá. Bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀ràn kan, iye omi tí ó ti wà nínú àgbá jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ẹ̀rọ tí ń kán tótó lè kún àgbá bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa ilé tí ń jó.

Fún ohun àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ jù ni 'ẹrù'. Àwọn oníṣẹ́ iná ti ń sọ pé ẹrù pọ̀ jù lórí tiransifọ́mà, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ẹrù ni ohun tí a ń rù ní ìsinsìnyí, kì í ṣe ohun tí a ti rù láti àárọ̀. Wáàtì ni a fi ń wọn ẹrù. Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni kílówáàtì, ẹgbẹ̀rún kílówáàtì sì ni mẹgawáàtì. Ibi tí ẹrù bá ga dé jù láàárín oṣù ni a lè pè ní 'téńté ẹrù'.

Fún ohun kejì, kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Gbogbo ẹni tí ó ń ra káàdì sí mítà ni ó mọ 'yúníìtì'. Yúníìtì kan ni iye iná tí ẹrù kílówáàtì kan bá lò fún wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ṣùgbọ́n ó ti wọlé, ó ti jókòó, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ṣe pàtó ju ti ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a lè ṣẹ̀dá lọ.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi ohun tí ó wà nínú ìyàtọ̀ yìí hàn. Ìlànà tí àjọ tí ń ṣe àkóso iná ní Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2017 fún àwọn òǹlò ńlá ní àǹfààní láti ra iná tààrà lọ́wọ́ olùpèsè tí wọ́n bá yàn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ni ìlò tí ó ju mẹgawáàtì-wákàtí 2 lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láàárín oṣù kan. Ẹni tí ó bá túmọ̀ èyí sí 'agbára iná tí ó ju mẹgawáàtì 2 lọ' yóò rò pé téńté ẹrù ni wọ́n ń sọ. Bí a bá kà á nípa ìpíndọ́gba, ohun mìíràn ni yóò jáde. Oṣù ọlọ́jọ́ 30 ní wákàtí 720. Nítorí náà òṣùwọ̀n náà jẹ́ yúníìtì 1,440,000 lóṣù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé iṣẹ́ méjì wé ara wọn. Ẹrù ti àkọ́kọ́ jẹ́ mẹgawáàtì 3, ṣùgbọ́n wákàtí 12 péré ni ó fi ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Yúníìtì 1,080,000 ni yóò lò lóṣù, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ mẹgawáàtì kan ààbọ̀. Ẹrù ti èkejì kò ju mẹgawáàtì 2.1 lọ, ṣùgbọ́n kì í sinmi tọ̀sán tòru. Yúníìtì 1,512,000 ni tirẹ̀. Èkejì wọlé, àkọ́kọ́ kò wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹrù àkọ́kọ́ ni ó wúwo jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a túmọ̀ láìbìkítà ni ó lè mú kí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ná owó lórí ohun tí kò tọ́ sí i.

3. Àsopọ̀ iná

Bí a ó ti ṣe pe ètò tí ó so gbogbo ibùdó ìpèsè iná pọ̀ mọ́ gbogbo òǹlò ni ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e. Orúkọ mẹ́ta ni ó sún mọ́ ọn. 'Ọ̀nà iná' rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan lè bàjẹ́ kí òmíràn má mọ̀. 'Àwọ̀n iná' fi bí wáyà ṣe gba ara wọn kọjá hàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọ̀n ni láti mú nǹkan, kì í ṣe láti gbé e lọ. 'Àsopọ̀ iná' ni ó borí. A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'à-', ọ̀rọ̀-ìṣe 'so' àti 'pọ̀', ó sì sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nípa ètò náà: ohun tí ó bá kan ọ̀kan, ó kan gbogbo wọn.

Iná tí a ń pèsè ní Kàíńjì láti ọdún 1968 àti èyí tí a ń pèsè ní Ẹ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ Èkó ń gba inú àsopọ̀ kan náà. Wáyà kílófóòtì 330 àti ti 132 ni a fi ń gbé e láti ibi jíjìn. Iṣẹ́ yìí ni 'ìgbéjìnnà'. Ní ibùdó tiransifọ́mà, a ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí kílófóòtì 33 àti 11 kí a tó pín in. Iṣẹ́ yìí ni 'ìpínká'. Láti Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí àsopọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀rí nìyí pé ohun tí a ń wá èdè-ìperí fún kò jìnnà sí ilé.

Iná inú àsopọ̀ yìí a máa lọ, a sì máa bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 'Àlọbọ̀' ni a lè pe lílọ àti bíbọ̀ ẹyọ kan, kí 'iye àlọbọ̀' sì jẹ́ ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo ẹ̀rọ ìpèsè tí ó wà lórí àsopọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ máa yí ní ìbámu pẹ̀lú iye kan náà. Bí ẹrù bá ju ohun tí wọ́n ń pèsè lọ, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀, iye àlọbọ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Bí kò bá sí 'agbára ìdúródè', èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń yí lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè sílẹ̀ lórí rẹ̀ de ìṣòro, àwọn ẹ̀rọ yòókù yóò bẹ̀rẹ̀ sí já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ohun tí ó bá gbẹ̀yìn rẹ̀ ni 'ìdàwó àsopọ̀', irú èyí tí ó ṣẹlẹ̀ léraléra ní Nàìjíríà ní ọdún 2024.

Òwe méjì ni ó ṣàlàyé ètò yìí ju ìwé lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ìdí nìyẹn tí a fi so àwọn ibùdó pọ̀. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kì í jẹ́ kí á sùn lóru: ìdí nìyí tí òǹlò ńlá kò fi lè dá ààbò ara rẹ̀ ṣe lórí àsopọ̀.

4. Àyè

Kí àsopọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kọjá kò túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ náà lè fa iná tí ó wù ú. Tiransifọ́mà ní ohun tí ó lè gbé, wáyà náà ní tirẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n bá gbà pé òǹlò lè fà ní ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ àsopọ̀ ni 'àyè ẹrù'. Àyè kì í ṣe ẹrù. Mọ́tò tí ó ní àyè ènìyàn 18 lè gbé ènìyàn mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò lè gbé 30. Òǹlò lè san owó àyè tí kò lò, nítorí pé wọ́n ti fi í pamọ́ dè é, ẹlòmíràn kò sì lè jókòó níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ó máa ń rú àwọn atúmọ̀ èdè lójú níhìn-ín. Mẹgawáàtì ni a fi ń wọn ẹrù, ṣùgbọ́n mẹgafóòtì-áńpíà ni a fi ń wọn àyè tiransifọ́mà. Kì í ṣe àṣìṣe. Àwọn mọ́tò ńlá inú ilé iṣẹ́ a máa fa apá kan iná tí ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láìṣe iṣẹ́ kankan. A lè pe èyí ní 'ẹrù òfo'. Kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gba àyè lórí wáyà. Ìdá tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni 'ìdá ìṣiṣẹ́'. Bí ìdá ìṣiṣẹ́ bá jẹ́ 0.8, tiransifọ́mà tí àyè rẹ̀ jẹ́ mẹgafóòtì-áńpíà 5 kò lè gbé ju mẹgawáàtì 4 ẹrù tòótọ́ lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó bá tún ìdá ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe lè rí àyè púpọ̀ sí i láìra tiransifọ́mà tuntun.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òǹlò ńlá ń gbà wá ààbò ni láti fa wáyà tiwọn láti ibùdó tiransifọ́mà. 'Fídà' ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. 'Ẹ̀ka-wáyà' ṣe é lò nínú ìwé, nítorí pé ó fi hàn pé ara igi kan ni ó ti yọ. Èyí tí àdúgbò ń lò pọ̀ ni 'ẹ̀ka àjùmọ̀lò', èyí tí òǹlò kan dá ní ni 'ẹ̀ka àdáni'. Orúkọ yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹ̀ka àdáni a máa gba òǹlò lọ́wọ́ igi tí ó wó lu wáyà aládùúgbò, ṣùgbọ́n bí igi náà bá wó láti ìdí, ẹ̀ka àdáni kò ní dúró sójú òfuurufú. Ìdánilójú kò sí nínú pé wáyà jẹ́ tẹni nìkan.

5. Ìdánilójú

Ọ̀rọ̀ tí a dábàá fún ìwà iná tí a lè gbára lé ni 'ìdánilójú ìpèsè'. Ó ní apá méjì tí a kò gbọdọ̀ pò pọ̀: iye wákàtí tí iná fi wà, àti iye ìgbà tí ó lọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ wákàtí 20 lóòjọ́ ti gba ẹnu aráyé ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n gbé owó iná lékè fún àwọn tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán iye wákàtí bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin tí ó kù lè jẹ́ ìdádúró kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ ìdádúró mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ààbọ̀ wákàtí. Mítà yóò ka méjèèjì sí ohun kan náà.

Ilé iṣẹ́ kò ní kà wọ́n bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti ń jáde ní Ewékorò láti ọdún 1960, nínú irú iṣẹ́ yìí sì ni ẹ̀rí wà. Ààrò ìsun-òkúta sìmẹ́ńtì jẹ́ ọ̀pá irin gígùn tí ń yí lórí ara rẹ̀, tí ohun inú rẹ̀ sì máa ń gbóná tó ìwọ̀n 1,450 ti Celsius. Bí ó bá dúró láìyí nígbà tí ó ṣì gbóná, ara rẹ̀ yóò tẹ̀. Nítorí náà wọ́n ní láti ní ẹ̀rọ amúnáwá tí yóò máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tutù, lẹ́yìn náà wọn yóò tún fi epo púpọ̀ dá ooru rẹ̀ padà. Ìdádúró kan lóòjọ́ jẹ́ ìpalára. Ìdádúró mẹ́jọ jẹ́ ìparun. Atúmọ̀ èdè tí ó kọ 'iná wákàtí 20' láìkọ iye ìdádúró ti sọ ìdajì ohun tí òǹlò ń rà nù.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń wọn ìdánilójú nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán àsopọ̀: ohunkóhun tí ì báà bàjẹ́, bí ó bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ lè ru ẹrù náà. 'Ìlànà àyọkan' ni a dábàá fún un: yọ ọ̀kan kúrò, kí o wò ó bóyá ìyókù dúró. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì tí ó gba orí afárá kan kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Òǹlò tí ó fa wáyà méjì láti ara tiransifọ́mà kan, tàbí tí ó gbé méjèèjì kọ́ sórí òpó kan náà, kò tíì tẹ̀ lé ìlànà yìí.

6. Ìsọ̀ ẹrù

Nígbà tí ìpèsè kò bá tó, àwọn kan gbọ́dọ̀ sọ̀ ẹrù kí àsopọ̀ má baà dà wó. 'Ìsọ̀ ẹrù' ni orúkọ tí ó bá èyí mu. Ẹni tí ó ru ẹrù mọ̀ pé sísọ̀ ẹrù kì í ṣe jíju ẹrù nù: ó ní ètò, ó ní ibi tí a ń sọ̀ ọ́ sí, a ó sì tún gbé e. Èyí yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàwó, tí kò ní ètò kankan. Ó tún yà á sọ́tọ̀ kúrò lára 'wọ́n mú iná lọ', tí kò sọ ìdí tí wọ́n fi mú un lọ tàbí ìgbà tí yóò dé.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Írẹ́lándì, àwọn ibùdó ńláńlá tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà jọ sí lo ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná tí mítà kà ní ọdún 2023. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2025 là á sílẹ̀ pé òǹlò tuntun tí ẹrù rẹ̀ bá tó mẹgawáàtì 75 gbọ́dọ̀ ní ohun èlò tí a lè fi já a kúrò bí àsopọ̀ bá wà nínú ewu. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń jíròrò ni ẹni tí yóò sọ̀ ẹrù, ìgbà tí yóò sọ̀ ọ́, àti ohun tí yóò gbà fún un. Òǹlò ńlá tí ó bá lè sọ̀ díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ lè fi ìyẹn dúnàádúrà, kí apá tí kò ṣe é sọ̀ lè ní ìdánilójú tí ó ga jù.

7. Ìdánwò lórí gbólóhùn àdéhùn

Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí a fi ọwọ́ ara ẹni kọ fún àpẹẹrẹ: 'Ilé iṣẹ́ apíná yóò máa fún oníbàárà ní agbára iná tí ó tó fún ìlò rẹ̀ nígbà gbogbo.' Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí ó lè fi dá ẹjọ́. Ẹ fi wé èyí:

'Àyè ẹrù oníbàárà jẹ́ mẹgafóòtì-áńpíà 5. Téńté ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹgawáàtì 4 lọ. Yúníìtì tí ó bá lò ni yóò sanwó fún ní ìparí oṣù. Ìdádúró kò gbọdọ̀ ju méjì lọ lóṣù, àpapọ̀ wọn kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Bí olùdarí àsopọ̀ bá pàṣẹ ìsọ̀ ẹrù, oníbàárà yóò sọ̀ mẹgawáàtì kan láàárín ìṣẹ́jú 10. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyókù, àfi bí àsopọ̀ bá dà wó.'

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èkejì tí alágbẹ̀dẹ tàbí oníṣòwò kò lè lóye bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ó fi dára ju ti àkọ́kọ́ lọ ni pé a lè mọ ẹni tí ó yẹ àdéhùn.

8. Àtòjọ àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Òǹlò ńlá: ẹni tàbí ilé iṣẹ́ tí ìlò iná rẹ̀ pọ̀ tó láti ní àdéhùn tirẹ̀.
Àsopọ̀ iná: gbogbo ibùdó àti wáyà tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní iye àlọbọ̀ kan náà.
Ẹrù: iná tí òǹlò ń fà ní àkókò kan pàtó, wáàtì ni òṣùwọ̀n rẹ̀.
Téńté ẹrù: ibi tí ẹrù ga dé jù láàárín oṣù.
Yúníìtì: iná tí ẹrù kílówáàtì kan lò fún wákàtí kan.
Àyè ẹrù: ìwọ̀n tí a gbà pé òǹlò lè fà níbi tí a so ó mọ́ àsopọ̀.
Ẹrù òfo: iná tí ń gba àyè tí kò ṣiṣẹ́.
Ìdá ìṣiṣẹ́: ìdá tí ń ṣiṣẹ́ nínú ohun tí òǹlò ń fà.
Ìgbéjìnnà; ìpínká: gbígbé iná láti ibi jíjìn; pípín in fún àwọn òǹlò.
Ẹ̀ka àdáni, ẹ̀ka àjùmọ̀lò: wáyà tí òǹlò kan dá ní, èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò.
Agbára ìdúródè: àyè tí a fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ń yí, de ìgbà ìṣòro.
Ìdánilójú ìpèsè: ìwà iná tí a lè gbára lé, nípa iye wákàtí àti iye ìdádúró.
Ìlànà àyọkan: pé kí ètò dúró bí a bá yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀.
Ìsọ̀ ẹrù, ìdàwó àsopọ̀: ẹrù tí a sọ̀ pẹ̀lú ètò, àsopọ̀ tí ó kú láìní ètò.

9. Àgbálọgbábọ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ òkè yìí kì í ṣe tuntun. Ẹrù, àyè, ẹ̀ka, sísọ̀ àti dídàwó ti wà lẹ́nu Yorùbá kí wáyà àkọ́kọ́ tó dé Èkó. Iṣẹ́ tí ó kù ni láti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, kí olùkọ́ ní kíláàsì àti atúmọ̀ èdè ní ilé ìgbìmọ̀ má baà fi orúkọ kan pe ohun mẹ́ta. Nígbà tí òǹlò bá lè béèrè àyè, ẹrù àti ìdánilójú ní èdè rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 'a ti múná dé' tẹ́ òun lọ́rùn mọ́.